Ahọ́n Tí Mo Fi Ṣiṣẹ́ Aró

Àjọkẹ́ ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Mo ní kí ló fẹ́ kí n sọ nípa ọjọ́ yẹn, ṣé mo mọ nǹkan kan níbẹ̀ ju ẹkún lọ? Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ohunkóhun tó bá ti bọ́ lẹ́nu mi, bíírò rẹ̀ ti gbé e. Ó dáa, ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ máa ka ìwé yìí, tẹ́ ẹ jókòó tẹ́ ẹ ń rò ó pé iṣẹ́ wo ni kí n ṣe, ẹ̀kọ́ wo ni kí n kọ́, ẹ kú ìjókòó o. Èmi Rábíátù aláró ló ń bá yín sọ̀rọ̀. N ò mọ ìwé. Àjọkẹ́ ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, òun ni kẹ́ ẹ bi.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní iwájú ilé, ṣùgbọ́n èmi kì í pẹ́ níwájú ilé. Ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń wà, nítorí ẹ̀yìn ògiri wa gan-an ni agbo aró wà. Àwọn èèyàn a máa fi ọwọ́ bo imú bí wọ́n bá ń gba ibẹ̀ kọjá. Ní tèmi, bí mo bá ti ọjà bọ̀, tí òórùn yẹn bá ti kàn mí nímú, mo mọ̀ pé mo ti délé nìyẹn. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn aró níbì kan, ó máa ń ṣe mí bíi kí n sáré, kí ìyá mi má baà bínú pé mo pẹ́.

Bí wọ́n ṣe fi mí sẹ́nu iṣẹ́ kò gba àlàyé. Ìyá mi mú mi lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ bá mi kọ́ ọ."

Ọ̀gá mi wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé kò ní sá?"

"Bó bá sá, ẹ̀yìn ògiri yìí ló máa sá dé."

Ó parí.

Ìyá Eléérú là ń pe ọ̀gá mi, nítorí eérú kì í kúrò lọ́wọ́ wọn dé ìgbọ̀nwọ́. Wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í lu ọmọ. Ìbá sàn bí wọ́n bá ń lu wá. Bí o bá ba aṣọ jẹ́, wọ́n á gbé aṣọ náà nílẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ lé ọ léjìká, wọ́n á ní, "Lọ kí àwọn ará àdúgbò fún mi." O máa lọ láti ilé dé ilé, wàá máa kúnlẹ̀, aṣọ tó rí págunpàgun lọ́rùn rẹ, gbogbo èèyàn á sì máa bi ọ́ pé, "Ta ló rẹ eléyìí?" Ìwọ náà á máa dáhùn pé, "Èmi ni, mà." Mo kí àdúgbò yẹn títí wọ́n fi mọ ohùn mi yàtọ̀. Bàbá arúgbó kan wà tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Bí mo bá ti kúnlẹ̀, á ní, "Rábíátù, kí lo tún bà jẹ́?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ náà fún yín ní ṣókí, nítorí mo mọ̀ pé inú ike ni ẹ̀yin ti ń rí aró báyìí. Igi la máa ń jó, a máa kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tí wọ́n ti lu nídìí, a máa gbé e ka orí ìkòkò mìíràn, a wá máa da omi sí i. Omi tó bá ń ro wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òun ni omi eérú. Inú rẹ̀ la máa kó èlú sí, ìyẹn ewé aró tí a ti gún, tí a sì ti sá gbẹ. Á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á máa hó, á máa rùn, kó tó di aró. Bí omi eérú náà kò bá dáa, gbogbo làálàá yòókù ti di asán. Aṣọ tó o bá rẹ á ṣí lójú omi àkọ́kọ́.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó dáa? Ahọ́n ni. Ìyá Eléérú á ti ìka bọ omi, wọ́n á fi kan ahọ́n, wọ́n á di ojú. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí èmi náà tọ́ ọ wò.

"Kí lo rí?"

"Ó ta, mà."

"Irọ́. Tún un tọ́."

Wọn kò sọ fún mi rí ohun tó yẹ kí n rí. Èmi fúnra mi ni mo wá a títí mo fi bá a. Omi tí kò tíì dé, ó dà bí omi òjò tó gba orí páànù. Èyí tó dé, á kọ́kọ́ máa yọ̀ lórí ahọ́n bí ọṣẹ, ìgbà tó o bá rò pé ó ti tán, á wá ta ọ́ lẹ́yìn bíi kán-ún. Èyí tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, á bó ọ lẹ́nu. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ń kọ́ ọ, ìyá mi ní òun ò ní jẹ́ kí n da iyọ̀ sí ọbẹ̀ mọ́, pé gbogbo nǹkan ló ti dà bí aró lẹ́nu mi.

Ọjọ́ tí a máa ń gba òmìnira nílé Ìyá Eléérú, kò sí ariwo níbẹ̀. Wọ́n á ti po aró sínú ìkòkò mẹ́ta láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa wà níbẹ̀. Ọ̀kan dáa, ọ̀kan kò tíì dé, ọ̀kan ti kú, agbára rẹ̀ ti tán. Wọ́n á fún ọ ní aṣọ funfun tí à ń pè ní tẹ́ẹ́rù, wọ́n á ní, "Ibi tó wù ọ́ ni kó o rẹ ẹ́ sí. Òun lo máa wọ̀ lọ sílé." Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí ọ, wọ́n á máa ṣe iṣẹ́ tiwọn.

Èmi àti Sàlámátù la jọ gbà á. Sàlámátù arẹwà, ẹni tó fẹ́ràn ohun tó dùn ún wò. Ìkòkò tí ìfófòó rẹ̀ ń tàn yanran ló yàn. Aṣọ rẹ̀ jáde bí ojú ọ̀run ìgbà ọyẹ́. Ó bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n rẹ ẹ́ sí òmíràn."

Ìyá Eléérú kò tilẹ̀ yíjú. "Ta ló yàn án?"

"Èmi ni, mà."

"Wọ̀ ọ́."

Ó wọ̀ ọ́ lọ sílé. Ẹ má káàánú rẹ̀ jù, aṣọ ló padà ń tà, ó sì là jù mí lọ. Ó wá kàn mí. Mo di ojú, mo tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tí kò ní ìfófòó kankan, tó dúró jẹ́ẹ́ bíi pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, òun ló yọ̀, òun ló wá ta mí lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo rẹ aṣọ mi sí. N ò dúró kó gbẹ dáadáa tí mo fi dà á bo ọrùn. Ìyá Eléérú dìde, wọ́n wá fi ìka kan gba ọrùn mi kọjá, wọ́n wo ìka náà, aró ti yí i.

"Ọrùn rẹ ti dúdú," ni wọ́n wí. "Máa lọ."

Gbogbo ìyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn láti ọjọ́ tí mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn. N kì í gbàgbé rẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ gbé mi lọ. Lásísì ọkọ mi ń ta obì ní Sábó, ẹ̀yìn ibẹ̀ náà ni mo ri ìkòkò mi mọ́. Àwọn ọdún yẹn dùn. Aṣọ dúdú ni àwọn Haúsá tó ti òkè Ọya wá fẹ́, wọ́n máa ń fi wé lórí, bó bá ṣe dúdú tó ni wọ́n ṣe máa ń yọ̀ tó. Oníbàárà mi kan wà, Màlàmú Gàrúbà. Ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń kígbe: "Ìyá Aláró! Sànnú! Dúdú ni mo fẹ́ o, n ò fẹ́ búlúù!" Èmi náà á ní, "Màlàmú, ṣé kí n rẹ ìwọ gan-an síbẹ̀ ni?" A ó rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án, a máa gbé aṣọ lé orí ìtì igi, a máa fi olùgbóńgbó lù ú kó lè dán. Àwọn tó ń gbé lójú ọ̀nà ní ìró yẹn làwọn fi ń mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n kírun àsárì. Ó ṣe mí láàánú pé ẹ̀yin ò gbọ́ ọ.

Ibẹ̀ ni mo ti bí Múfútáù, bàbá Àjọkẹ́. Ó kàwé, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀yọ́. Nígbà tó wà ní kékeré, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé máa ń pè é ní Ọmọ Aláró, nítorí èékánná rẹ̀. Ó máa ń fi òkúta ha á títí yóò fi ṣẹ̀jẹ̀. Mo sọ ìyẹn kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ níwájú, kò fi bú mi.

Iṣẹ́ wá ń yí padà. Àwọn tó ń gbin èlú ń darúgbó. Igi wọ́n. Àwọn aláró tó kù ládùúgbò ti gba sóódà, èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò, pẹ̀lú aró inú agolo. Kò gba ọjọ́ púpọ̀ bíi ti eérú. Wọ́n ní, "Ìyá Múfútáù, kí lẹ̀ ń dúró dè?" Mo ń dúró, mo ń dúró. Nígbà tí nǹkan wá le ní gbogbo ìlú, tí owó iṣẹ́ ọba kò délé mọ́, èmi náà ra sóódà. Mo gbé ìkòkò rẹ̀ sẹ́bàá ògiri, mo fi àwọn ìkòkò eérú mi sí abẹ́ igi òdòdó. Mo ní màá máa lo méjèèjì.

Ọdún yẹn gan-an ni Àjọkẹ́ gba ọlidé wá sọ́dọ̀ mi. Ìtàn ló ń kọ́ ní yunifásítì. Ọkàn rẹ̀ dàrú lórí ọ̀rọ̀ kan. Nínú sàá tó ń bọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ̀mẹ́sítà, àwọn kọ́ọ̀sì tó pọn dandan ti wà, ó wá ku ọ̀kan tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ mú. Èkíní dá lórí ogun àwọn òyìnbó àti àdéhùn tí wọ́n ń bá ara wọn ṣe. Èkejì dá lórí iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò ilẹ̀ Yorùbá. Èyí tó bá mú ni yóò bá a lọ dé ìparí, kò sí pé mo fẹ́ pààrọ̀. Olùkọ́ wọn sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá mú ti iṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ ní àgbàlagbà oníṣẹ́ kan tí yóò máa sọ̀rọ̀ fún un. Bí kò bá ní, kó má wulẹ̀ dé ibẹ̀, yóò kàn fìdí rẹmi ni.

"Ìyá àgbà," ló wí, "ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ṣe é."

"Èmi? Ẹnu mi kì í kúkú sinmi. Máa bi mí."

Bàbá rẹ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé, ó gbọ́, inú bí i. "Àjọkẹ́, àwọn tó mọ̀ nípa àdéhùn òyìnbó, àwọn ni ìjọba ń mú lọ sí òkè òkun. Ta ló máa gba ẹni tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń rẹ aṣọ sí aró síṣẹ́? Ẹ̀yìnkùlé yìí ni mo ti kúrò lọ sílé ìwé. Ṣé mo wá rán ọ lọ sí yunifásítì kó o lè padà síbẹ̀ ni?"

  Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo wo èékánná Múfútáù, mo gbà fún un. Ó ní òun ń bọ̀ wá mú ọmọ rẹ̀ lọ sí gáréèjì lọ́jọ́ tí yóò padà sílé ìwé, kó ti pinnu kí òun tó dé.

A ní lẹ́yìn jímọ́ọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tiwa. A ò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti tú sóódà sómi. Àjọkẹ́ ń gbálẹ̀. Màlàmú Gàrúbà tún ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo, "Ìyá Aláró, dúdú mi ńkọ́?" Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń dá a lóhùn, mo tẹ̀ sórí ìkòkò tó wà níwájú mi, mo fi ìka bu omi, mo fi kan ahọ́n. Ẹ̀yin ọmọ, èmi kọ́ ni mo rán ọwọ́ mi. Láti kékeré ló ti ń lọ síbẹ̀. Ìkòkò ẹ̀bá ògiri ni.

Iná kì í jó báyẹn. N ò lè pariwo. Àjọkẹ́ ju ìgbálẹ̀ nù, ó gbé kẹ́tùlù, ó ń da omi sí mi lẹ́nu, ó ń sunkún, Màlàmú sì sáré lọ wá mọ́tò. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Màmá, kí lẹ mu?" Ẹnu mi ti wú. Àjọkẹ́ ló dáhùn.

"Wọn ò mu ún, mà. Wọ́n tọ́ ọ wò ni."

"Wọ́n tọ́ sóódà wò? Ṣé ọbẹ̀ ni?"

Bó ṣe ń dùn mí tó, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tọ́jú mi, alihamudulilahi. Ṣùgbọ́n ògì tútù ni mò ń mu, n ò sì lè sọ gbólóhùn kan. Àjọkẹ́ á jókòó tì mí, ìwé rẹ̀ lórí ẹsẹ̀, kò sí ohun tó lè kọ. Ọlidé ń tán lọ. Bàbá rẹ̀ wá kí mi, ó kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún omi. Nígbà tó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ ohun tó sọ fún ọmọ rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sì sọ ọ́: "Ṣé o rí i? Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ fún ọ ò lè sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ti yanjú. Mú èyí tí mo sọ."

Àjọkẹ́ ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó, sà." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Mo wà lórí ẹní, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ní láyé kún inú mi, kò sí ọ̀nà tó máa gbà jáde.

Nígbà tó ku ọ̀la kí Àjọkẹ́ lọ, mo dìde. Mo ṣí àpótí mi, mo yọ tẹ́ẹ́rù funfun kan, mo gbé e lé e lọ́wọ́, mo sì fà á lọ sábẹ́ igi òdòdó. Sóódà ti kúrò ńlẹ̀, mo ti fi ọwọ́ ṣe àmì kí wọ́n dà á nù. Ìkòkò eérú méjì ló kù níbẹ̀, a ti po aró sí wọn ṣáájú ìjàǹbá náà. N ò mọ èyí tó ṣì dáa nínú wọn. N ò lè mọ̀ mọ́. Mo nawọ́ sí wọn, mo wá kọ ẹ̀yìn sí i.

Ó ti gbọ́ ìtàn Ìyá Eléérú lẹ́nu mi láti kékeré.  Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ̀rù ń bà mí." Mo mọ ìdí. Ó ti rí ohun tí ìkòkò ṣe sí ẹnu mi. N ò yíjú. Mo wá gbọ́ tó ní, "Bísímílà." Ó tutọ́. "Èyí dà bí omi òjò." Ó sún sí èkejì. "Èyí ń yọ̀. Ó ń yọ̀ bí... Yéè! Ìyá àgbà, ó ta mí!"

Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Ó rẹ aṣọ náà. Ó fà á jáde, ó rí bí ewé tuntun, atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó sì ń di dúdú níṣojú wa, díẹ̀díẹ̀. Ó ti ń rí i láti kékeré, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ rí tirẹ̀. N ò fi ìyẹn sọ fún un pé kó mú èyí, kó má mú ìyẹn. Àwọn tó mọ ogun òyìnbó náà wúlò. Ohun tí mo fẹ́ kó mọ̀ ni pé èyí tó bá mú, òun ni yóò wọ̀ ọ́ kiri, kì í ṣe bàbá rẹ̀, kì í ṣe èmi.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá rẹ̀ dé. Àjọkẹ́ jáde síta, aṣọ náà lọ́rùn rẹ̀. Kò tíì gbẹ dáadáa.

"Kí ló dé ọrùn rẹ?"

"Aró ni, sà."

"Mo rí i pé aró ni. Ṣé bó o ṣe máa wọ yunifásítì nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ti iṣẹ́ ọwọ́ ni mo mú. Ẹnu Ìyá àgbà máa san, màá dúró dè é. Bó bá bà jẹ́, èmi ni mo yàn án."

Múfútáù wò mí. Mo gbé ojú mi sókè, n ò ní ẹnu tí mo lè fi gbèjà ẹnikẹ́ni. Ó sún mọ́ ọmọ rẹ̀, ó fẹ́ tún aṣọ ọrùn rẹ̀ ṣe, ló bá dúró. Ó fa imú. "Òórùn yìí," ló wí.  Nígbà tó yọ ọwọ́ kúrò, aró ti yí i ní ìka, ó wo èékánná rẹ̀ títí. Ó wá gbé báàgì ọmọ náà. "Ó yá, jẹ́ ká lọ. Mọ́tò ò ní dúró."

Ẹnu mi san. Ọ̀rọ̀ padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì máa ń yọ̀ lẹ́nu mi díẹ̀. Àjọkẹ́ padà wá pẹ̀lú bíírò, ó sì bi mí ní ohun gbogbo títí ó fi sú mi. Ó ti kọ tirẹ̀ fún olùkọ́ wọn. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń kà yìí, tèmi nìyí, èmi ni mo ní kó kọ ọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n ìtọ́wò kò padà. Iyọ̀, ata, oyin, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lẹ́nu mi. Aláró tí kò lè tọ́ omi eérú wò, kí ló ń ṣe nídìí ìkòkò? Mo kó àwọn ìkòkò mi fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, mo sì jókòó. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan dáa, mo ní ẹni tí mò ń bi.

Àjọkẹ́, gbé bíírò yẹn sílẹ̀ ná. Ọbẹ̀ ti ń hó. Wá bá mi tọ́ ọ wò.